Ọmọ mi fẹ́ kọ̀wé sí fly-in kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà, bàbá ẹ̀ ò fẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

MàmáTèmi_Houston
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo ti ń rò ó láti ìjẹta, oorun ò kùn mí. Àkọ́bí mi obìnrin máa wọ kíláàsì kejìlá ní oṣù tó ń bọ̀, ó mọ̀wé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mò ń ro àmàlà lọ́wọ́ ló gbé laptop wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní mọ́mì ẹ wò ó, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló máa sanwó bàálù ọmọ, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á fún un níbi tó máa sùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó lè wá wo ilé ìwé wọn kó tó kọ̀wé pé òun fẹ́ wọlé. Fly-in ni wọ́n ń pè é. Mẹ́fà ló ti kọ sílẹ̀: Williams, Amherst, Bowdoin, Bates, Swarthmore àti Carleton. Ká má purọ́, mi ò gbọ́ orúkọ ìkankan nínú wọn rí.

Bàbá ẹ̀ ní kí ló máa gbé ọmọ òun lọ sílẹ̀ òtútù nígbà tí UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas, wà nítòsí wa níbí. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ọmọ náà wà nínú 5% àkọ́kọ́ ní kíláàsì ẹ̀, òfin Texas sì ti ní kí UT gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà nìkan ni kò dájú pé wọ́n á fún un. Wọ́n tún ti kéde pé láti 2025, ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún ò bá ju 100,000 dọ́là, wọn ò ní gbowó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ wọn. Àwa ò dé ibẹ̀ yẹn, CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) lèmi ń ṣe ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ mẹ́ta la sì bí.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ò kéré. Ọmọ ọdún 17, kò dá wọ bàálù rí, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ àwọn tá ò mọ ilé wọn ló sì máa sùn. Tí wọ́n bá wá kọ̀ ọ́ ní fly-in yìí ńkọ́, ṣé kò ní jẹ́ pé wọ́n ti sàmì sórúkọ ẹ̀, tó bá wá kọ̀wé gidi wọn á ní èyí tá a kọ̀ níjọ́sí náà tún nìyí? Àròkọ tó máa kọ tún wà níbẹ̀, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ọmọ yìí sì ń ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà ìsinmi yìí. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fẹ́ fi ẹ̀rù tèmi dí ọmọ lọ́nà.

BàbáṢọlá_Maryland
Ẹ kú oríire ọmọ mà. Ẹ̀rù tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, gbogbo ẹ̀ pátá ló bà mí lọ́dún méjì sẹ́yìn nígbà tí ọmọkùnrin mi gbé irú ìwé yìí wá, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Minnesota ni. Wọ́n gbà á, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì, mi ò fi kọ́bọ̀ kan sí i. Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí èmi òbí pé kí n fọwọ́ sí i, wọ́n béèrè oògùn tó ń lò, oúnjẹ tí kì í jẹ, ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wọn kan tí mo lè pè láàárín òru. Mo pè é ní aago mọ́kànlá alẹ́ láti dán an wò, ó gbé e. Nígbà tọ́mọ dé éápọ́ọ̀tì, òṣìṣẹ́ wọn ti dúró pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé sí, bọ́ọ̀sì ń dúró dè wọ́n níta, àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ti wà nínú ẹ̀. Ọmọ kan tó wà ní ọdún kejì ló gbà á sí yàrá, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin.

Ó jókòó sí kíláàsì físíìsì, ó ní àwọn ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó padà dé, mo rò pé oúnjẹ àti ilé tó rí ló máa ròyìn, ó ní dádì, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn béèrè orúkọ mi, mo sọ fún un, ó ní kí n tún un pè, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó máa pè mí lẹ́ẹ̀kejì ó pè é bó ṣe yẹ. Ọmọ tó ti ń jẹ́ Shola látìgbà tó ti wọ pírámárì! Ọjọ́ yẹn lèmi fúnra mi gbọ́ ohun tó ń wá.

Ẹ bá mi sọ fún dádì wọn náà nípa owó. Iye tí wọ́n ń kọ síta fún ọdún kan ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ti lé ní 80,000 dọ́là, ẹni tó bá rí i á pa laptop dé. Iye yẹn kọ́ làwa ń san. Williams láti 2022, gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n bá fún ọmọ ẹ̀bùn ni, kò sí yíyá nínú ẹ̀. Amherst àti Bowdoin ti yọ yíyáwó kúrò nínú tiwọn láti 2008. Ohun kan wà lórí wẹ́ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan wọn tí wọ́n ń pè ní net price calculator, ẹ jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé owó orí yín, ẹ tẹ iye tó ń wọlé sí i, á sọ iye tí irú ilé yín máa ń san. Ẹ ṣe ti UT náà, torí owó ilé ìwé nìkan ni wọ́n ní àwọn ò ní gbà, owó yàrá àti oúnjẹ ní Austin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì síwájú ọkọ yín, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó kà á fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú o bàbá, èmi rò pé ìpolówó ọjà ni gbogbo ẹ̀. Ilé ìwé tó bá ń gba ọmọ díẹ̀ fẹ́ kí àwọn tó ń kọ̀wé sí òun pọ̀ sí i, torí bí wọ́n bá ṣe ń kọ èèyàn tó ni orúkọ wọn ṣe ń gòkè. Ọmọ àbúrò ìyá mi lọ sí ọ̀kan, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n kọrin fún wọn, wọ́n fún wọn ní ẹ̀wù tí orúkọ ilé ìwé wà láyà ẹ̀, ọmọ dé ilé kò bọ́ ẹ̀wù náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́tà dé pé wọn ò gbà á. Ẹ ò mọ bí ọmọ yẹn ṣe sunkún. Pé wọ́n gbé e wọ bàálù kò ní kí wọ́n gbà á wọlé, mo fẹ́ kí màmá yìí mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó lọ.

Káńsẹ́lọ̀_Atlanta
Mo ń ṣiṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ ní high school kan, àwa là ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ_Mọ́kọ́lá ní òótọ́ nínú. Ilé ìwé ò náwó bàálù lásán, ọmọ ni wọ́n ń wá. Àmọ́ irú ọmọ tí wọ́n ń wá ni kí ẹ wò: ọmọ tó mọ̀wé tí òbí ẹ̀ ò lówó láti gbé e rìn káàkiri. Ọmọ olówó ti fi ọkọ̀ bàbá ẹ̀ rìn dé ilé ìwé mẹ́wàá kó tó parí kíláàsì kọkànlá, ó ti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti mọ èyí tó wù ú. Ààyè yẹn ni fly-in fẹ́ dí.

Màmá Tèmi, tí wọ́n bá kọ ọmọ yín ní fly-in, kò sí àmì kankan tí wọ́n fi sórúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kọ ọ́ sójú ìwé fọ́ọ̀mù náà gan-an pé kò kan ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé. Mo ti rí ọmọ tí wọn ò gbà sí fly-in tí wọ́n sì gbà wọlé ní oṣù kẹta, mo sì ti rí òdìkejì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwé kan tiẹ̀ ń ka àbẹ̀wò sí nǹkan, ìwé kan wà tí wọ́n máa ń gbé jáde lọ́dọọdún, Common Data Set lorúkọ ẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ilé ìwé mọ́ ọn lórí Google, ẹ wá abala C7, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ìfẹ́ tí ọmọ fi hàn sí wọn jámọ́ nǹkan nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ. Àwọn kan kà á sí, àwọn mìíràn ò kà á sí rárá.

Ohun kan tó ń da àwa òbí Nàìjíríà láàmú ni pé àwọn kan gbà pé ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìkan ni, pé kì í ṣe tiwa, àwọn kan sì gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti dúdú, ó ti wọlé nìyẹn. Méjèèjì ti kọjá lọ. Lóòótọ́ tẹ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹ̀yà ọmọ ṣe ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2023 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ẹjọ́ yunifásítì Harvard àti ti North Carolina (UNC) pé ẹ̀yà ò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìgbàwọlé mọ́, látìgbà náà làwọn ilé ìwé ti ń yí orúkọ ètò wọn àti òfin ẹ̀ padà. Èyí tí Amherst ń pè ní Access to Amherst báyìí, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ wọn báyìí ni pé ẹnikẹ́ni tó wà ní kíláàsì kejìlá ní Amẹ́ríkà lè kọ̀wé, wọ́n á wá wo ọmọ tí ilé ẹ̀ ò lówó púpọ̀, ọmọ tó máa kọ́kọ́ lọ yunifásítì nínú ilé wọn, ọmọ abúlé tó jìnnà. Òfin yìí ń yí lọ́dọọdún, ojú ìwé ilé ìwé fúnra ẹ̀ ni kí ẹ kà, ẹ má ka èyí tí ẹnì kan kọ níjẹta.

Mẹ́fà ti pọ̀ jù fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́. Kó mú mẹ́ta. Àròkọ wọn ò gùn, ó sì lè fi ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀ èkejì, níwọ̀n ìgbà tó bá yí apá tó kan ilé ìwé náà padà. Ìdí tí mo fi ní kó má pọ̀ ni pé àwọn ìrìn yìí máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, kíláàsì ti wọlé nígbà yẹn, tí wọ́n bá gbà á sí mẹ́rin ó lè pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ tún wo QuestBridge, ètò tó ń so ọmọ tó mọ̀wé tí òbí ẹ̀ ò lówó mọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa ràn án lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù wọn ń parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Williams, Amherst, Bowdoin, Swarthmore àti Carleton wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí owó tó ń wọlé fún wọn ò tó 65,000 dọ́là lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń mú, ẹ̀yin márùn-ún sì ni, ó yẹ kẹ́ ẹ ka bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀.

MàmáTèmi_Houston
Haa, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ọmọ náà, ó ń fò sókè. Ó kù ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù ń béèrè bóyá ó jẹ́ first-gen, ìyẹn ọmọ tí òbí ẹ̀ ò gboyè yunifásítì. Ọkọ mi ka Geography ní Ifẹ̀, ó gboyè ní 1998, èmi HND ni tèmi, Poly Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìwé yẹn ṣiṣẹ́ nínú wa níbí, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà, èmi sì tún CNA kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwé Nàìjíríà wà lára ẹ̀?

Ọ̀rẹ́_Dallas
Ẹ fi sí i pé first-gen ni jàre. Ta ló máa lọ yẹ ìwé Ifẹ̀ wò láti Massachusetts? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Káńsẹ́lọ̀_Atlanta
Ọ̀rẹ́_Dallas, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi irú ìmọ̀ràn yìí ti ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Common App, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa béèrè ìwé tí bàbá àti ìyá kà àti orúkọ ilé ìwé tí wọ́n ti kà á, orúkọ ọmọ náà ló sì máa wà nísàlẹ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun kọ. Tí ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù fly-in bá yàtọ̀ sí ti Common App lọ́wọ́ ilé ìwé kan náà, kí lẹ rò pé wọ́n máa rò nípa ẹ̀? Ilé ìwé lè gba ọmọ kí wọ́n sì tún fagi lé e tí wọ́n bá rí irọ́ nínú ìwé ẹ̀.

Mà, oyè Ifẹ̀, oyè yunifásítì ni, orílẹ̀-èdè yòówù tí wọ́n ti gbà á. Dádì wọn ti mú un kúrò ní first-gen nìyẹn. Ti HND nìkan ni ì bá ṣòro, tó bá jẹ́ pé HND làwọn òbí méjèèjì ní, kí wọ́n kọ ímeèlì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà béèrè, torí wọn ò túmọ̀ ẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa: ìtàn bàbá tó gboyè ní Ifẹ̀ tó wá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Houston dé Kansas kí ọmọ lè kàwé, ìtàn gidi ni, kò nílò irọ́ kankan. Kí ọmọ kọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù yìí lóye ẹ̀ pé ìwé tí wọ́n gbà nílé kì í bá èèyàn sọdá òkun pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀.

Àṣàkẹ́_Ọdún3
Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lèmi, mo wà ní ọdún kẹta ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé kékeré yìí ní New England, Bronx làwọn òbí mi ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Fly-in méjì ni mo lọ.

Èyí àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ ló wù mí, gbogbo èèyàn ní high school mi ló ń sọ ọ́. Mo débẹ̀, oúnjẹ dára, ilé dára, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọmọ tó gbà mí lálejò lọ síbi tiẹ̀, mo dá jókòó sí yàrá, kò sẹ́ni tó béèrè mi. Ní ọ̀sán mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ dúdú mélòó kan bí ibẹ̀ ṣe rí, wọ́n wo ara wọn lójú kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ká ní mi ò lọ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá fi ṣe Early Decision, ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá gba èèyàn nípasẹ̀ ìyẹn, ó ti di dandan kó lọ nìyẹn.

Èkejì ni ibi tí mo wà báyìí. Ẹni tó gbà mí lálejò mú mi lọ síbi ìpàdé àwọn ọmọ Áfíríkà, ọmọ Ghana kan àtọmọ Nàìjíríà kan ń jà lórí jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè fúnra wọn, mo jókòó sílẹ̀ mo rẹ́rìn-ín títí. Mo pe mọ́mì mi ní alẹ́ yẹn, mo ní mo ti rí i.

Mà, ẹ sọ fún àbúrò mi kó má lo gbogbo àkókò ẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. Kó lọ jókòó níbi oúnjẹ ní ọ̀sán kó wo àwọn tó ń jẹun pọ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á pé ní wíkẹ́ńdì tí kò sí nǹkan kan kí ni wọ́n ń ṣe, abúlé ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé yìí wà, Williamstown tí Williams wà, òkè ló yí i ká, irú ilé fíìmù ńlá àti ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ ní Houston kò sí níbẹ̀. Kó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun. Mo mọ̀ pé ó máa dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni. Kó rí i dájú pé ó bá ẹni kan sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì financial aid (ìrànlọ́wọ́ owó) pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀, kó sì gba káàdì onítọ̀hún.

Ti bàálù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 18, TSA, àwọn tó ń yẹ èèyàn wò ní éápọ́ọ̀tì, ò ní dandan kó mú ID dání tó bá ń fò láàárín Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kó mú ID ilé ìwé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ńlá gbà pé ọmọ 15 sókè lè dá rìn bí àgbà. Ẹ bá a wò ó tó bá jẹ́ pé ó máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà, kẹ́ ẹ fi máàpù éápọ́ọ̀tì yẹn hàn án lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé.

Olùkọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìjíròrò. Nàìjíríà lèmi wà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3. Ṣé ọmọ tó wà nílé níbí lè kọ̀wé sí irú ètò yìí? Ẹnì kan wá bá àwọn òbí ilé ìwé wa pé tí wọ́n bá mú 350,000 náírà wá, òun á bá wọn gba fly-in àti físà.

Káńsẹ́lọ̀_Atlanta
Olùkọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn kíá. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù fly-in, kò sí ẹni tó ń tà á, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń gbowó lé e ń jí owó wọn ni. Ọ̀nà tó wà fún ọmọ nílé ni EducationUSA, ti ìjọba Amẹ́ríkà ni, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Opportunity Funds, ó ń ran ọmọ tó mọ̀wé tí òbí ẹ̀ ò lówó lọ́wọ́ láti san owó ìdánwò àti owó fọ́ọ̀mù. Ẹ tún sọ fún wọn pé Amherst àti Bowdoin kì í wo bóyá ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lówó tàbí kò lówó nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà. Ó le láti wọlé o, mi ò ní tan yín, ṣùgbọ́n àìlówó òbí kọ́ ló máa dí ọmọ lọ́nà lọ́dọ̀ wọn.

ÌyáÀdùkẹ́_NJ
Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbowó yìí rán mi létí nǹkan. Màmá Tèmi, ẹ máa rí lẹ́tà tó dára lójú gan-an nínú àpótí lẹ́tà yín, wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ ọmọ sí i, wọ́n á ní wọ́n ti yan ọmọ yín fún àpérò àwọn aṣáájú ọ̀la ní ilé ìwé ńlá kan, tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀ ẹ máa rí iye, ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe fly-in o! Mo sanwó irú ẹ̀ fún àkọ́bí mi láìmọ̀, mo fi owó tí mo dá ní àjọ san án, ó lọ, ó jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwé tí kì í ṣe ilé ìwé náà ló pè é, wọ́n kàn háyà ibẹ̀ ni. Kò ṣe nǹkan kan fún ìgbàwọlé ẹ̀. Èyí tó bá ti ní kẹ́ ẹ sanwó, ẹ jù ú sí gáábéèjì.

Ọmọ mi kejì ló wá kọ̀wé sí fly-in mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó dùn ún, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n àròkọ tó ti kọ ní oṣù keje fún wọn ló tún ṣe dáadáa tó fi sí Common App, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sáré ní oṣù kẹwàá, tiẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀ ọ́ yẹn náà ló sì wà báyìí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ wọ̀ mí lára, mi ò rò ó rí pé èèyàn lè lọ síbẹ̀ láti mọ ibi tí kò ní lọ. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí ọmọ má lọ fi ọkàn sí ibì kan ṣoṣo. Kí fọ́ọ̀mù UT náà lọ ní àkókò.

MàmáTèmi_Houston (oṣù kẹjọ)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe bí Bàbá Ṣọlá ṣe wí. Lálẹ́ Sunday tọ́kọ mi dé láti Oklahoma, mo gbé laptop síwájú wọn pẹ̀lú ìwé owó orí. A tẹ UT, a tẹ Williams, a tẹ Swarthmore. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀ bóyá mo ti ṣì í tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Iye kan náà ló tún mú wá. Iye tí Williams àti Swarthmore mú wá fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan dín sí ohun tí yàrá àti oúnjẹ nìkan máa ná wa ní Austin. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá pe ọmọ náà, wọ́n ní kó ka àròkọ ẹ̀ fáwọn.

Mi ò mọ̀ pé nípa wọn ló kọ ọ́. Ó kọ ọ́ bí dádì ẹ̀ ṣe máa ń pè é láti ojú ọ̀nà, tí wọ́n á máa ṣàlàyé fún un ìdí tí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń wakọ̀ gbà kọjá fi pupa, ìdí tódò fi yí gba ibẹ̀, pé ibi ìjókòó ọkọ̀ akẹ́rù ni kíláàsì Geography àkọ́kọ́ tóun jókòó sí. Ọkùnrin yẹn sunkún, ẹ̀yin ará. Ọdún 19 tá a ti fẹ́ra wa.

Ó fi mẹ́ta ránṣẹ́: Williams, Swarthmore àti Carleton. Níbi first-gen, a kọ pé rárá.

MàmáTèmi_Houston (oṣù kẹsàn-án)
Ọ̀kan gbà á, ọ̀kan kọ̀, ìkẹta ò tíì fèsì. Èyí tó gbà á, oṣù kẹwàá ni ìrìn náà, tíkẹ́ẹ̀tì ti dé lórí ímeèlì, ó máa pààrọ̀ bàálù lẹ́ẹ̀kan lọ́nà. Dádì ẹ̀ ti gba ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ torí kí wọ́n lè fúnra wọn gbé e lọ sí éápọ́ọ̀tì. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ṣé ó nílò kóòtù ńlá yẹn ní oṣù kẹwàá? Mo rí i ní Costco lánàá, owó ẹ̀ le.

Àṣàkẹ́_Ọdún3
Ẹ kú oríire mà!! Ẹ má rà á. Súwẹ́tà méjì àti jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò wọ̀ ti tó, ọ̀sán ṣì máa ń móoru díẹ̀, alẹ́ ni kó múra sí. Kó mú bàtà tó lè fi rìn púpọ̀, kó mú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó máa fi sùn, kẹ́ ẹ sì di ata gígún díẹ̀ sínú ọ̀rá fún un, oúnjẹ wọn ò ta rárá.